Wàrà Tí Ń Hó Bí Ẹlẹ́rìndòdò: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwa Olùgbé Èkó Mọ̀

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré Mobolaji Johnson ní Oníkan ní ọjọ́ tí eré bọ́ọ̀lù bá wà, yóò rí i pé ohun mímu tí àwọn ọlọ́jà gbé sínú kúlà pín sí ọ̀nà méjì gbòógì. Èkíní ni ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí ń hó, tí ó sì ń ta ni lẹ́nu bí a bá ṣí ìgò rẹ̀. Èkejì ni àwọn ohun mímu tí a fi wàrà ṣe: yọ́gọ́ọ̀tì inú ike, FanYogo inú ọ̀rá, àti fúrá tí a fi nọ́nọ̀ pò. Èyí tí yóò jẹ́ wàrà, tí yóò sì tún máa hó bí ẹlẹ́rìndòdò, ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa kì í sá fún ohun tuntun. Àwọn ni wọ́n ń fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó sí zobo, tí wọ́n ń da èso mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ó fẹ́ mọ adùn tí wọn kò tọ́ wò rí. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: bí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ìpínlẹ̀ yìí bá fẹ́ ṣe wàrà tí ń hó, kí ni ó yẹ kí wọ́n mọ̀, kí sì ni ó yẹ kí àwa tí a ó mu ún béèrè lọ́wọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ fàájì. Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀, ìlera àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè tí orílẹ̀-èdè yìí ń ná lórí wàrà lọ́dọọdún náà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun mímu tí ń hó kì í ṣe àlejò láàárín wa

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò dé etíkun yìí ni ẹmu ti ń hó nínú akèrègbè, tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo sì ti ń hó nínú ìkòkò. Ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ó ń jẹ ṣúgà inú ohun mímu, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì sílẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìgbàlódé ṣe ni pé ó fi ẹ̀rọ ti irú afẹ́fẹ́ yìí kan náà bọ inú omi dídùn, ó sì dé e pa mọ́ inú ìgò.

Ìlú Èkó ni iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1953, Nigerian Bottling Company bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò níhìn-ín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ni Seven-Up gbé ìgò rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, nígbà tí ayẹyẹ òmìnira ń lọ lọ́wọ́ ní pápá eré ẹṣin tí a sọ di Tafawa Balewa Square, ní ìtòsí Oníkan. Nítorí náà, ahọ́n ará Èkó ti mọ ohun tí ń hó láti ayébáyé. Ó sì ti mọ wàrà kíkan láti ọwọ́ àwọn Fúlàní tí ń kiri nọ́nọ̀. Ohun tí ó kù ni kí a so méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú wa

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rin ọ̀nà yìí. Ní ilẹ̀ Japan, Kaiun Mishima, ẹni tí ó ti tọ́ wàrà kíkan wò láàárín àwọn darandaran Mongolia, gbé ohun mímu Calpis jáde ní 1919. Ní 1973 ni irú rẹ̀ tí ń hó dé inú ọjà. Ní Korea, ilé iṣẹ́ Lotte Chilsung bẹ̀rẹ̀ sí ta Milkis ní 1989. Omi tí a fi afẹ́fẹ́ sí, ṣúgà, àti ìyẹ̀fun wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Ní Switzerland, láti 1952 ni wọ́n ti ń mu Rivella, èyí tí a fi omi tí ó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti ṣe wàràkàṣì tán ṣe. Ní ilẹ̀ Iran, àwọn ènìyàn ń fi omi àti iyọ̀ po yọ́gọ́ọ̀tì, wọ́n ń pè é ní doogh, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ sì ń fi afẹ́fẹ́ sí i kí ó lè máa hó.

Gbogbo ìgbìyànjú kọ́ ni ó yọrí sí rere. Ní 2009, Coca-Cola dán ohun mímu kan tí ń jẹ́ Vio wò ní New York àti àwọn ibòmíràn ní Amẹ́ríkà. Wàrà tí a yọ ọ̀rá rẹ̀, omi tí ń hó, ṣúgà ìrèké àti adùn èso ni wọ́n fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ náà lówó, ó ní ẹ̀rọ, ó sì mọ ọ̀nà ọjà ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ohun mímu náà kò pẹ́ lórí àtẹ.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ní ojú tiwa, àwọn tí ó dúró pẹ́ fara jọ ara wọn ní ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, wọn kì í ki. Bí omi ni wọ́n ṣe ń ṣàn lọ́fun, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè mu wọ́n. Lọ́nà kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìkanra díẹ̀ tí ó bá híhó mu, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Iran ti mọ doogh kí ẹ̀rọ tó dé. Ará Amẹ́ríkà tí ó mọ wàrà sí ohun tútù dídùn tí ọmọdé ń mu láàárọ̀ kò rí ìdí tí yóò fi máa hó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ará Èkó gba ohun tuntun, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́nọ̀ àti yọ́gọ́ọ̀tì tí a ti mọ̀, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí mílíìkì inú agolo.

Ikùn wa ní ohun tí ó fẹ́ sọ

Ìdí mìíràn wà tí ó fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí wàrà kíkan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín wa ni wàrà máa ń dá lóró: inú a wú, a rù, a sì máa ṣu omi. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, ẹni tí ó wá di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn akẹgbẹ́ wọn. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà Yorùbá àti Ígbò tí wọ́n yẹ̀ wò ni ara wọn kò lè da láktóòsì, èyí tí í ṣe ṣúgà inú wàrà, dáadáa mọ́. Láàárín àwọn Fúlàní darandaran, ọ̀pọ̀ ni ara wọn lè ṣe é.

Bí láktóòsì bá dé ìfun láìdà, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ni yóò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọn yóò sì fi inú kún. Ẹ wá wo ẹni tí ó ti ní irú ìṣòro yìí, tí a tún gbé wàrà tútù tí a fi afẹ́fẹ́ sí fún. Ìdààmú lórí ìdààmú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹ́ kí wàrà náà kan dáadáa, àwọn kòkòrò rere inú yọ́gọ́ọ̀tì yóò ti jẹ díẹ̀ nínú láktóòsì náà, wọ́n sì ń bá ara ṣiṣẹ́ láti da èyí tí ó kù. Bí a bá tún fi omi là á, ohun tí yóò dé ikùn yóò tún dín kù. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé yọ́gọ́ọ̀tì tí a fi omi là, tí ó sì ń hó, bá ara wa mu ju mílíìkì dídùn tí ń hó lọ.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le

Ẹni tí ó bá rò pé kí a kàn da omi tí ń hó mọ́ wàrà ni ó kù yóò rí ìyàlẹ́nu. Èròjà amúnidàgbà kan wà nínú wàrà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kásíìnì. Ó máa ń léfòó nínú omi wàrà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n bí wàrà bá ti kan dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kọ ní pH 4.6, kásíìnì yóò ṣù jọ, wàrà yóò sì dì. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì pàápàá a máa sọ omi di kíkan díẹ̀, èso tí a fi ṣe adùn náà a sì máa dá kún un. Bí a kò bá mójú tó o, ohun tí oníbàárà yóò rí nínú ìgò ni kókó funfun nísàlẹ̀ àti omi tẹ́ẹ́rẹ́ lókè. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń lo pẹ́kítíìnì, èròjà tí a ń yọ láti ara èèpo ọsàn àti èso ápù, láti mú kí kásíìnì má ṣù.

Ìṣòro kejì ni ìfófòó. Wàrà a máa hó ju omi lọ, bí a bá sì ṣí ìgò tí kò tutù, idajì rẹ̀ lè dà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa dúró nínú ohun tútù ju ohun gbígbóná lọ. Nítorí náà, wàrà tí ń hó kò ṣeé ṣe láìsí òtútù láti ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra yìnyín lójoojúmọ́ ní Ìdúmọ̀tà àti Obàléndé mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ní owó.

Ìṣòro kẹta ni ó ká wa lára jù. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi afẹ́fẹ́ sí i: kí a fi ẹ̀rọ tì í bọ inú rẹ̀, tàbí kí a jẹ́ kí ìwúkàrà ṣe é bí ó ti ń ṣe ẹmu. Ọ̀nà kejì kò ní owó púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Ìwúkàrà tí a dé mọ́ inú ìgò kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pàápàá bí oòrùn bá pa á. Afẹ́fẹ́ yóò máa pọ̀ sí i títí ìgò yóò fi bẹ́. Ó tún máa ń ṣe ọtí díẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́ Mùsùlùmí, ó yẹ kí ẹni tí ó rà á fún ọmọ rẹ̀ mọ̀ bóyá ọtí wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Fún ọjà tí a ó tà fún gbogbo ènìyàn, ọ̀nà ẹ̀rọ ni a fara mọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wàrà tí a kò sè lè gbé àìsàn dé inú ilé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìsàn ibà tí ń ti ara màlúù ran ènìyàn lè wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ooru 63 fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ni a fi ń pa àwọn kòkòrò wọ̀nyí, kí a tó fi kòkòrò rere tí yóò mú un kan sí i. Híhó tí ohun mímu ń hó kì í pa kòkòrò àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kíkan nìkan kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má fi adùn tan ara rẹ̀ jẹ.

Níbo ni wàrà yóò ti wá?

Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ sọ pé owó tí orílẹ̀-èdè yìí ń ná lórí wàrà tí a ń kó wọlé wà láàárín bílíọ̀nù dọ́là 1.2 sí 1.5 lọ́dún. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ó fi àṣẹ àtikówọlé náà mọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran ilé. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ dá Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ìdàgbàsókè Ohun Ọ̀sìn sílẹ̀. FrieslandCampina WAMCO, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà níhìn-ín, ti ń gba wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn darandaran Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti nǹkan bí ọdún 2010.

Èkó kò ní ilẹ̀ ìjẹko tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ẹnu tí yóò mu ún àti ọwọ́ tí yóò ṣe é. Bí ohun mímu tuntun bá mú kí ìbéèrè fún wàrà tútù pọ̀ sí i ní Èkó, darandaran ní Ìsẹ́yìn yóò rí ọjà tà. Bí ó bá sì jẹ́ ìyẹ̀fun tí a kó wọlé nìkan ni a fi ṣe é, a kàn fi afẹ́fẹ́ sí owó tí ó ti ń jáde tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí àwọn obìnrin tí ń ṣe wàràkàṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní wàrà lásán. Bí wọ́n bá ti fi oje bọmubọmu mú wàrà dì tán, omi púpọ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni Switzerland sọ di Rivella. Ṣùgbọ́n a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rọ omi tiwa sínú ìgò bẹ́ẹ̀, nítorí oje bọmubọmu ní oró. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kòkòrò yọ́gọ́ọ̀tì lè mú wàrà dì láìsí oró náà. Àyẹ̀wò ilé ìwádìí ni yóò sì fi hàn bí omi tí ó ṣẹ́ kù bá dára fún mímu.

Ṣúgà àti owó orí rẹ̀

Òfin Ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ṣúgà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní 2022. Lórí ìgò 50cl, ₦5 péré ni. Owó náà kò tó láti dá ẹnikẹ́ni dúró, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ lóòjọ́. Fún àgbàlagbà tí ń jẹ oúnjẹ ìwọ̀n kálórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn. Ohun mímu tí ó ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50cl rẹ̀ kan ṣoṣo ti kó gbogbo gíráàmù 50 náà tán. Ti ọmọdé kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ewu tí a rí níhìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ náà “wàrà” lè bo ṣúgà mọ́lẹ̀. Ìyá tí kò ní ra ẹlẹ́rìndòdò fún ọmọ rẹ̀ lè ra èyí, nítorí ó gbà pé wàrà ń mú egungun le. Bí wàrà inú rẹ̀ kò bá ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, tí ṣúgà rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀tàn ni. Kí a kọ iye wàrà àti iye ṣúgà sí ara ìgò ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè kà, kí a sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Oníkan?

Oníkan dára fún ìdánwò nítorí oríṣiríṣi ènìyàn ni ń pàdé níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1957. Àwọn àlejò ń wá sí Gbọ̀ngàn J.K. Randle fún Àṣà àti Ìtàn Yorùbá. Àwọn òǹwòran bọ́ọ̀lù ń wá sí pápá ìṣeré. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 sì ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láti Máìlì 2 wá sí Màrínà, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìgò ọgọ́rùn-ún síbẹ̀ lọ́jọ́ kan yóò gbọ́ ohùn ọmọdé, àgbà, ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sàn kí ó gbọ́ “kò dùn” lẹ́nu ọgọ́rùn-ún ènìyàn ju kí ó yá owó ra ẹ̀rọ ńlá kí ó tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí ìgò kan tó jáde, nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ilé ìwádìí FIIRO tí ó wà ní Oshodi láti 1956 ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe. Ibẹ̀ ni kí ọ̀dọ́ tí ó ní èrò yìí kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó nílò owó ìdókòwò lè kàn sí LSETF, tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2016. Kí ẹni tí yóò tà á nínú ife sì rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni Èkó ti fòfin de ife oníke àti sitírọ́ọ̀ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù.

Ní ti àwa olùrà, ojúṣe tiwa kò le. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí ohun mímu yóò bàjẹ́. Kí a fọwọ́ kan ìgò bóyá ó tutù. Bí ó bá ti wú, kí a má ṣí i, kí a sì má ṣe gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́. Bí ọlọ́jà bá rẹ́ wa jẹ, LASCOPA, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní ìpínlẹ̀ yìí, wà láti gbọ́ ẹjọ́ wa.

A kò sọ pé wàrà tí ń hó ni yóò tán ìṣòro iṣẹ́ ní Èkó. Ohun tí a ń sọ ni pé èrò kékeré bí èyí lè so darandaran Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Oshodi, àti ọlọ́jà Oníkan pọ̀ mọ́ ara wọn, bí a bá fi òtítọ́ àti ìmọ́tótó ṣe é. Bí a bá fi ẹ̀tàn ṣe é, ikùn àwọn ọmọ wa ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀. Adùn tuntun dára. Èyí tí kò ní fi àìsàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mu ún ni a ń fẹ́. Èkó ò ní bàjẹ́ o!